Ìṣúná Ilé àti Àkọsílẹ̀ Gbèsè

Iye ìgbà tí owó ń wọlé àti iye ìgbà tí ó ń jáde kì í dọ́gba nínú ilé òṣìṣẹ́. Ní Old GRA, Port Harcourt, àdúgbò tí ìjọba amúnisìn kọ́ fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ Yorùbá náà ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lónìí, owó oṣù ń wọlé lẹ́ẹ̀méjìlá lọ́dún. Owó ilé a máa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lápapọ̀. Owó ilé-ìwé a dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlàfo àárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni gbèsè ń gbà wọlé.

Bí owó ilé bá jẹ́ ₦600,000, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì jẹ́ ₦90,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, ₦72,500 ni ó yẹ kí ó kúrò nínú owó oṣù kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò lọ sí ọjà. Ẹni tí ń gba ₦180,000 kò ní ₦180,000 láti ná. ₦107,500 ni ó ní. Ó yẹ kí tọkọtaya jọ mọ iye yìí. Níbi tí ọkọ ti ń fi gbèsè pamọ́ fún aya, tàbí tí aya ń ra àwìn láìsọ fún ọkọ, ìṣirò méjì tí kò lè bára mu ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn baba ńlá mọ bí wọ́n ṣe ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá ₦50,000 lóṣooṣù, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti rí ₦600,000 gbà ṣáájú láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó yá àwọn yòókù lówó. Ìwà rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n báńkì kò sí ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ogún ọdún tí ènìyàn fi dá èsúsú láìyẹ̀ kì í sábàá hàn nínú ìwé tí báńkì ń yẹ̀ wò.

Ìwé yẹn ni àkọsílẹ̀ gbèsè. Òfin rẹ̀ ni Credit Reporting Act, tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, adelé Ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lù ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, 2017. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CRC Credit Bureau àti FirstCentral ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn báńkì: ta ni ó yáwó, èló ni, ǹjẹ́ ó ń san án lásìkò? Nọ́ńbà BVN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, so àwọn àkáǹtì ènìyàn pọ̀, nítorí náà sísá láti báńkì kan lọ sí òmíràn kì í bo gbèsè mọ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 2020, báńkì tí gbèsè rẹ̀ ti kọjá àsìkò lè gba owó náà nínú àkáǹtì tí ẹni tó jẹ ẹ́ ní sí báńkì mìíràn.

Ọ̀rọ̀ oníduró ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ jù. Ará ìlú kan a bẹ èkejì pé kí ó ṣáà kàn fọwọ́ síwèé. Kò sí “kàn” níbẹ̀: bí ẹni tó yáwó kò bá san, ọrùn oníduró ni gbèsè náà bọ́ sí. Ẹni tí kò lè san iye náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, ì báà ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Owó orí fóònù yá ní gbígbà, èlé rẹ̀ ni ó wúwo. Bí ènìyàn bá yá ₦50,000 ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí ó sì ń san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà, ₦30,000 ti lọ, ₦50,000 sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Òfin 2017 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì tako ohun tí kò tọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ti san gbèsè tán, tí ìwé ṣì ń pè é ní ajẹgbèsè, ní láti mú ìwé ẹ̀rí pé ó ti san án tán lọ sí báńkì náà, kí ó sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ọjọ́ tí ó san owó ìkẹyìn ni kí ó ti béèrè ìwé ẹ̀rí náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ó bá tún fẹ́ yá òmíràn.