Elégédé Mi Ń Tan Òdòdó, Kò So: Ṣé Kí N Fà Á Tu?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Òṣogbo ni mo gbin elégédé sí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó hù dáadáa, ó rúwé, ó sì ti fà bo gbogbo ọgbà tí bàbá àwọn ọmọ fi igi ṣe. Láràárọ̀ ni òdòdó rẹ̀ ń là lọ bẹẹrẹ, tí ojú mi ń rí ohun tó dára wò. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo wọn á ti pa dé. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn mélòó kan tó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ so kì í ju ẹyin ẹyẹlé lọ tí wọ́n fi ń pọ́n, tí wọ́n sì ń rà. Mo kó ìgbẹ́ adìẹ sí i nídìí, ewé ló fi ń yọ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ló ń nawọ́ sí i ni kò ṣe so. Aládùúgbò wa kan ní akọ elégédé ni mo gbìn, pé kí n fà á tu, kí n fi ilẹ̀ náà gbin nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ẹ kú àmójútó. Ẹ má fa elégédé yín tu o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, n kò rí àmì àrùn kankan. Ohun tó ń rú yín lójú ni pé ewéko lè ní ìlera tó báyìí, kó tan òdòdó tó báyìí, kó má sì so. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú, yálà elégédé ni wọ́n gbìn, tàbí kùkúńbà, tàbí ẹ̀gúsí.

Ìdáhùn rẹ̀ ní kúkurú rèé: oríṣi òdòdó méjì ló wà lórí ìtàkùn elégédé kan ṣoṣo, akọ àti abo. Akọ kì í so láéláé. Abo ló ń so, òun náà kò sì lè so àfi tí nǹkan kan bá gbé lẹ́búlẹ́bú inú akọ dé inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó là gan-an. Ẹni tí yóò gbé e débẹ̀ ni kò tíì sí nínú ọgbà yín.

Aládùúgbò yín kò ṣàdédé sọ ohun tó sọ. Gbogbo wa la mọ akọ ìbẹ́pẹ, tí òdòdó rẹ̀ máa ń rọ̀ dirodiro lórí ọrùn gígùn, tí kì í sì í sábà so. Ugu náà rí bẹ́ẹ̀: ìtàkùn kan lè jẹ́ akọ látòkè délẹ̀, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ abo. Ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí, tó wá rí elégédé tí kò so, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ti elégédé yàtọ̀. Ìtàkùn kan náà ló ń yọ akọ òdòdó, òun náà ló ń yọ abo.

Dídá wọn mọ̀ kò le. Ẹ jáde sẹ́yìnkùlé ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹ má wo ojú òdòdó, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Akọ máa ń dúró lórí ọrùn tín-ín-rín tó gùn, kò sì sí nǹkan kan láàárín ọrùn náà àti òdòdó. Ọrùn abo kúrú, ó sì ki. Láàárín ọrùn yìí àti òdòdó, ẹ ó rí ọmọ elégédé róbótó kan, ó sì ti máa ń wà níbẹ̀ kí òdòdó tó là rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú wọn. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló dúró gangan ní àárín akọ, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè sì bò ó. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, á lẹ̀ mọ́ yín níka. Ohun tó wà ní àárín abo sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ pín, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ díẹ̀.

Akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí akọ nìkan á fi máa là, kí abo àkọ́kọ́ tó yọjú. Nígbà tí abo bá tilẹ̀ dé, akọ ṣì máa ń pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ogún òdòdó nílẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe ogún elégédé ló ṣòfò. Akọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, jíjá ni wọ́n sì máa já, ìbáà so, ìbáà má so. Àwọn tí ẹ ní wọ́n tó ẹyin ẹyẹlé, tí wọ́n wá pọ́n, tí wọ́n rà, àwọn yẹn ni abo. Wọ́n fi hàn yín pé ìtàkùn yín ti ṣe tán láti so.

Kí ló wá dé tí abo kò fi so nígbà tí akọ wà nítòsí rẹ̀? Lẹ́búlẹ́bú elégédé wúwo, ó sì ń lẹ̀. Atẹ́gùn kò lè fẹ́ ẹ káàkiri bó ṣe ń fẹ́ ti àgbàdo. Kòkòrò ló ń gbé e, àwọn oyin ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Oyin á wọ inú akọ lọ mu omi dídùn, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀, tó bá dé inú abo, á fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde léraléra báyìí ni hóró inú ọmọ elégédé á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, èso náà á sì máa wú. Tí kò bá sí hóró tó ń dàgbà nínú rẹ̀, ìtàkùn kò ní bọ́ ọ mọ́. Á pọ́n, á sì já.

Àkókò tí oyin ní láti ṣe iṣẹ́ yìí kò gùn. Òdòdó elégédé kan kì í là ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ìdájí ló ń là, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé, kò sì ní là mọ́. Tí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oyin kì í sábà jáde. Tí ẹnì kan bá fín oògùn apakòkòrò nítòsí, ó lè pa wọ́n. Tó bá sì jẹ́ pé akọ kankan kò là lọ́jọ́ tí abo là, abo náà á ṣòfò. Níbi tí ilé ti há mọ́ra, tí igbó kò sì sí nítòsí, oyin tó ń dé ẹ̀yìnkùlé lè má tó nǹkan.

Ìbéèrè ńlá lẹ béèrè, Ìyá Ìbejì. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà pé ewéko ní akọ àti abo. Ní ọdún 1694, oníṣègùn kan ní ìlú Tübingen, ní Jámánì, tó ń jẹ́ Rudolf Jakob Camerarius, kọ lẹ́tà kan tó fi ṣàlàyé ohun tó dán wò. Ó já akọ òdòdó kúrò lára làrà kí wọ́n tó là, hóró tó ṣe é gbìn kò sì jáde níbẹ̀. Ó gé irun orí àgbàdo kúrò kí lẹ́búlẹ́bú tó bà lé e, àgbàdo náà kò yọmọ. Ohun tí ẹ ń rí lẹ́yìnkùlé yín ni òun náà rí.

Ní báyìí, iṣẹ́ oyin náà, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo àwọn abo tí orí òdòdó wọn ti ń pọ́n, tó ku díẹ̀ kó là. Ọ̀la ni tiwọn. Láàárọ̀, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ẹ já akọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè rí ibi dì mú. Ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù títí yóò fi ku ọ̀pá àárín nìkan. Ẹ wá fi ọ̀pá yìí ra inú abo tó là, ẹ rà á jẹ́jẹ́ yí gbogbo orí tó pín náà ká, kí lẹ́búlẹ́bú lè hàn lára rẹ̀. Tí akọ bá pọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ lo méjì fún abo kan, torí bí lẹ́búlẹ́bú bá ṣe pọ̀ tó ni èso ṣe ń dúró dáadáa tó. Akọ orí ìtàkùn kan náà dára, ti orí ìtàkùn mìíràn náà dára, kó ṣáà ti jẹ́ elégédé.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ so òwú aláwọ̀ kan mọ́ ọrùn abo náà jẹ́jẹ́, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ tọ́jú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó mọ bó ṣe rí. Èyí tó bá gbà á á máa wú, ọrùn rẹ̀ á sì máa le sí i. Láti ìgbà náà, ó sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí elégédé tó gbó. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì já, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Ìtàkùn tó ti gbé èso mélòó kan lọ́wọ́ máa ń já òmíràn dànù fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé lẹ ń ṣe. Ní ọdún 1841, ní erékùṣù Réunion, ọmọ ọdún méjìlá kan tó wà lóko ẹrú, Edmond Albius, ló wá ọ̀nà tó rọrùn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún òdòdó fànílà, tí kò sí kòkòrò tó lè bá a ṣe é níbẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ náà là sílẹ̀ ni àwọn tó ń gbin fànílà ṣì ń tọ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn ìyókù. Ìgbẹ́ adìẹ: ẹ dá a dúró ná. Ó dára fún ilẹ̀, pàápàá èyí tó ti jẹrà dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ewé ni ìtàkùn á gbájú mọ́, òdòdó abo á sì pẹ́ kó tó yọ. Èyí tí ẹ fi sí i ti tó.

Ìnawọ́: àwọn àgbà tó ń kìlọ̀ pé kí a má nawọ́ sí ọmọ elégédé ti rí i pé ó máa ń já láìsí ohun tí a rí tó ṣe é. Ohun tí wọ́n rí yẹn, òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni èyí tí mo ti ṣàlàyé yìí. Ìkìlọ̀ náà sì wúlò, torí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé jìnnà sí èso tó ṣì rọ̀. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni kí ẹ fi gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má bá àwọn ọmọ wí mọ́ nítorí èyí tó já.

Tí ẹ bá ń já ewé rẹ̀ se ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀, kò burú. Ẹ ṣáà má já a tán, torí ewé ló ń wá oúnjẹ fún èso. Tí èso tó ti ju ìkúùkù lọ bá wá ń rà, tí ẹ sì bá ìdin nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Eṣinṣin ló gún un tó yé ẹyin sí i. Ẹ já a, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Tó bá tẹ̀ síwájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ewébẹ̀ àti èso.

Fún àwọn òǹkàwé yòókù: bí mo ṣe ṣàlàyé elégédé yìí ni ẹ̀gúsí àti bàrà náà sábà ń rí, àárọ̀ sì ni tiwọn. Ti igbá àti àdó yàtọ̀ díẹ̀, òdòdó wọn funfun, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń là, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Tòmátì, ata àti ilá kò sí lára èyí, torí inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo wọn wà.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí nǹkan yín ń tan òdòdó tí kò so, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ òdòdó náà láàárọ̀ kí ẹ tó gbọ́ pé kí ẹ fà á tu. Tí oògùn kòkòrò bá sì di dandan fún yín, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó fín in, nígbà tí àwọn oyin bá ti wọlé. Ìyá Ìbejì, ìtàkùn yín kò ní àbùkù. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ sì bá a ṣe iṣẹ́ oyin fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀ yìí.