Fún Bàbá Onílé Ní Lẹ́tà

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Kò sí Yorùbá tó ń fẹ́ ká túmọ̀ ìyẹn fún òun. Ilé tí àbúrò mi gbà ní Agége ló gbé òwe náà wá sí mi lẹ́nu, inú sì ṣì ń bí mi.

Ó san owó ọdún kan lórí yàrá àti pálọ̀, ó san owó àgírímẹ́ǹtì, ti kọmíṣàn àti ti kọ́ṣọ̀n. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi gbé e lọ sí Àbújá. Ó bá kúnlẹ̀ kí bàbá onílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá, ó jọ pé a ti fẹ́ máa kúrò nílé onílé o.” Bàbá ní, “Àmín o, tìrẹ náà á dúró.” Ó kó ẹrù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ará yàrá kejì. Ìgbà tó wá pe bàbá pé kó dá ìyókù owó padà, bàbá ní òun rò pé ó ń kọ́lé ni, òun tiẹ̀ ti ṣàdúrà sí i. Bàbá ò purọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi nínú rẹ̀ lóòótọ́. Òwe náà ò kàn sọ irú odindi tó máa dà.

Ìwọ tó o fẹ́ kúrò kí owó ilé tó tán, kọ ọ́ sínú ìwé. Kọ ọjọ́ òní sí i, kọ ọjọ́ tí wàá kó jáde. Ṣe é ní méjì, kí onílé fọwọ́ sí ọ̀kan, kó o mú un dání. Àwọn èèyàn rò pé onílé nìkan ló ń fúnni ní nótíìsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 (tó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀), bí àgírímẹ́ǹtì ò bá dárúkọ iye ọjọ́, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù kan ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù. Tonílé tayálégbé ló sì dè.

Owó tó ti wọ àpò onílé kì í yá jáde. Ó lè ti fi ra páànù. Ọ̀nà tó dára jù ni kó o bá a wá ẹni tó máa gba ilé náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú owó ẹni tuntun ni wọ́n á ti yọ oṣù tó kù fún ọ. Má fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìjẹ́ kí onílé mọ̀; ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì ló kà á léèwọ̀. San owó iná àti owó ìdọ̀tí. Ya fọ́tò ògiri, fèrèsé àti ilé ìdáná, torí owó kọ́ṣọ̀n rẹ. Ọwọ́ onílé gan-an ni kó o fi kọ́kọ́rọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ ò bá wọ̀, Citizens’ Mediation Centre ìjọba Èkó ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Àbúrò mi ní ojú ló ń ti òun, pé lẹ́tà fún àgbàlagbà á dà bí àfojúdi. Àfojúdi kẹ̀? Kúnlẹ̀, kí bàbá dáadáa, kó o wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà fún un. Ó ti padà wá kọ tirẹ̀. Bàbá gbé dígí rẹ̀ sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i, ó sì bèèrè ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé pátákó sẹ́nu géètì pé yàrá àti pálọ̀ kan ṣí sílẹ̀.