Ẹ̀kọ́: Iṣẹ́ Áàpù Ayánilówó àti Ẹ̀tọ́ Onígbèsè Nínú Sàká

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì pọ̀. Àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù wà lára ibi tó ń gbà wọ́n. Ẹnì kan ń kọ ètò áàpù, ẹlòmíràn ń pe onígbèsè. Ǹjẹ́ owó oṣù irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá tó ń pàtẹ ní Ọjà Tuntun lè yá owó kékeré kún ọjà rẹ̀ láìsí onídùúró. Èlé wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí yóò san án kò sì jìnnà. Àwọn áàpù kan ti gba àṣẹ wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Bí kò bá rí owó san, wọn a kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ pé olè ni. Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ti ń dógò tì í. Lónìí, inú fóònù gbogbo ẹbí rẹ̀ ni.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA ti ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà.

Nínú Hádíìsì Jábìr tó wà nínú ìwé Muslim, Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ èlé, ẹni tó ń san án, akọ̀wé rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ka gbogbo wọn sí ọgbọọgba. Ta ni akọ̀wé èlé lónìí, bí kò ṣe ẹni tó kọ ètò tó ń ṣírò rẹ̀? Suratul Baqarah, āyah 280, tún pa á láṣẹ pé kí a fún onígbèsè tí ara ń ni láàyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ ò rí i pé òdì kejì èyí ni dídójú ti onígbèsè.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ èlé, kí ó má bá wọn kọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹnikẹ́ni, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn lójú méjèèjì, kí ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àfáà tó mọ̀wé. Kí ó má rò pé ìtọ́jú ọmọ òrukàn yóò fọ owó náà mọ́. Sàká kì í sọ háráàmù di hàlálì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá pẹ̀lú. Bí ìyá yẹn bá rí ẹni yá a lówó láìgba èlé, kí ni ìbá wá dé ọ̀dọ̀ áàpù? Nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Suratut-Taobah, āyah 60, là kalẹ̀ fún sàká, onígbèsè wà níbẹ̀. Opó tí owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn sọ di onígbèsè wà lára wọn. Bí ẹ bá ń yọ sàká yín, ẹ má gbàgbé ìpín wọn.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì gbà wá lọ́wọ́ gbèsè. Àmín.