Ǹjẹ́ Ayé Ṣì Ń Gbóná Sí I? Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Dá Ẹjọ́ Àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ẹ ó rántí ẹgbẹ́ ajiyàn ilé-ìwé wa. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń kí alága àti àwọn adájọ́, tí a sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu borí alátakò. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan wà lóde òní tí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè parí. Òun ni pé: ǹjẹ́ àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ìgbóná ilé-ayé fi hàn pé ayé ṣì ń gbóná sí i, tàbí ìgbóná náà ti dáwọ́ dúró? Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ìhà méjèèjì lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù. Bí wọ́n bá bi wá léèrè, ó yẹ kí ìdáhùn wa ju “wọ́n ní” lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba ohunkóhun gbọ́ kìkì nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin Mósè pẹ̀lú kò fàyè gba kí a dá ènìyàn lẹ́bi lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ náà tẹnu tẹnu, kí a sì bi àkọsílẹ̀ yìí ní ìbéèrè mẹ́rin.

Ohun tí àkọsílẹ̀ náà jẹ́

Kò sí tẹmómítà kan ṣoṣo tí ó lè wọn gbogbo ayé. Láti nǹkan bí ọdún 1850 ni ibùdó ìwọ̀n-ojú-ọjọ́ lórí ilẹ̀ àti ọkọ̀ lójú òkun ti pọ̀ tó láti fún wa ní àwòrán gbogbo ayé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń kó ìwọ̀n wọ̀nyí jọ: NASA àti NOAA ní Amẹ́ríkà, Met Office pẹ̀lú Yunifásítì East Anglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ilé-iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ti Japan. Olúkúlùkù ń ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe bí ibì kan ṣe gbóná tó, bí kò ṣe bí ó ti yàtọ̀ sí bí ó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Jos àti Ìbàdàn mọ̀ pé Jos tutù ju Ìbàdàn lọ. Síbẹ̀, bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá fi dígírì kan gbóná ju ìṣe tirẹ̀ lọ, ìyípadà kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì. Àròpọ̀ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ibi gbogbo, tí a pín dọ́gba, ni à ń pè ní ìyípadà ìgbóná ayé. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí a wọ aṣọ òtútù kò fi lè tako àkọsílẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sán gbígbóná kan ṣoṣo kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní ìgbóná ti dúró

Ní ọdún 1998 ayé gbóná lọ́nà tí a kò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ títí di ìgbà náà. Lára ohun tí ó fà á ni El Niño ńlá kan, ìyẹn ni pé omi ojú òkun Pàsífíìkì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì tú ooru rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìlà ìgbóná kò gòkè púpọ̀ mọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ìgbóná ayé ti parí ní 1998, àti pé àwọn onímọ̀ ń dẹ́rù ba aráyé lásán ni.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n pa. Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọba lórí Ìyípadà Ojú-ọjọ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí IPCC, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 2013 pé láti 1998 dé 2012, ìgbóná ojú ilẹ̀ àti ojú òkun fi nǹkan bí 0.05 dígírì gòkè fún ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Láti 1951 dé 2012, ó jẹ́ 0.12. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Nítorí náà ó tọ́ kí ẹni tí ó ń wá òtítọ́ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: níbo ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ọjà rẹ̀ ń wó lulẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹwàá. Owó tí ó kọ sínú ìwé kò ní irọ́ nínú; ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì í lọ́nà. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ń gbèrú, Kérésìmesì ọdún yìí ni kí ó fi wé Kérésìmesì èṣí, kí ó sì fi oṣù òfìfo wé oṣù òfìfo.

Kérésìmesì ojú-ọjọ́ ni ọdún 1998. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ láti orí òkè bẹ́ẹ̀ yóò rí ilẹ̀ títẹ́jú níwájú rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1996 tàbí ní 2000, ìlà náà yóò gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé IPCC kan náà kìlọ̀ pé àkókò kúkúrú bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò fi bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ fún ìgbà pípẹ́ hàn, nítorí pé ó wà lábẹ́ ọdún tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a bá fi parí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì: kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Nígbà àtijọ́, àwọn atukọ̀ a máa fi garawa fa omi òkun sókè, wọn a sì ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Garawa kánfáàsì wọ́pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lò. Gbogbo ilé tí ó ti gbé àmù kalẹ̀ rí ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: omi díẹ̀ ń jò jáde lára ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, omi tí ó kù sì ń tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi inú garawa náà ṣe ń tutù díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi tí ń wọ inú yàrá ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì máa ń mú un gbóná díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ohun ìwọ̀n tí ń léfòó lójú omi fúnra wọn dé, tí wọ́n sì pọ̀ gan-an láti àwọn ọdún 1990. Ìwọ̀n tiwọn fi nǹkan bí 0.12 dígírì kéré sí ti ọkọ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí lè fà. Bí ohun ìwọ̀n tuntun ti ń pọ̀ sí i tí ti ọkọ̀ sì ń dín kù, àkọsílẹ̀ yóò máa fi òkun hàn bí èyí tí ó tutù ju bí ó ti rí lọ. Ní 2015, Thomas Karl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NOAA tún ìyàtọ̀ yìí ṣe, wọ́n sì rí i pé ìgbóná kò fi bẹ́ẹ̀ falẹ̀ lẹ́yìn 1998. Ariwo ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tí ń bójú tó sáyẹ́ǹsì pàṣẹ pé kí NOAA kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ wá. Ìfura náà ni pé wọ́n yí òǹkà padà kí ó lè bá ìfẹ́ wọn mu.

Kí ni a fi ń yanjú irú ìfura bẹ́ẹ̀? Pé kí ẹlòmíràn tún iṣẹ́ náà ṣe. Ní 2017, Zeke Hausfather àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ohun ìwọ̀n tí ń léfòó nìkan ṣe ìṣirò. Wọ́n tún fi sátẹ́láìtì nìkan ṣe é. Wọ́n sì fi àwọn ẹ̀rọ Argo, tí ń rì sísàlẹ̀ òkun tí wọ́n tún ń gòkè wá, nìkan ṣe é. Kò sí èyí tí ó nílò kí a pa ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ohun ìwọ̀n tuntun. Gbogbo wọn bá àtúnṣe NOAA mu. Ó sì yẹ kí a mọ èyí pẹ̀lú: bí a bá kó gbogbo àtúnṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti òkun pọ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wá, ńṣe ni wọ́n dín iye ìgbóná ayé kù, wọn kò fi kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe màgòmágó láti dẹ́rù ba ènìyàn kò ní ṣe é lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: kí ni kò sí nínú rẹ̀?

Àkọsílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ láìwọ̀n, pàápàá ní ìhà àríwá pátápátá, níbi tí yìnyín bo òkun, àti ní apá kan ilẹ̀ Áfíríkà. Ìhà àríwá yẹn sì wà lára ibi tí ń gbóná kánkán jù lọ láyé. Kevin Cowtan àti Robert Way fi ọgbọ́n ìṣirò kún àlàfo wọ̀nyí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n sì rí i pé apá kan nínú ìfàsẹ́yìn tí à ń wí jẹ́ ti àlàfo yìí.

Àlàfo mìíràn tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ooru tí ń kó jọ sínú ayé ni ó ń wọ inú òkun. Ẹni tí ó bá wo afẹ́fẹ́ nìkan dà bí ẹni tí ó ka owó àpò tí ó gbàgbé ti báńkì. Ní àwọn ọdún tí afẹ́fẹ́ dà bí ẹni pé ó dúró yìí, ìwọ̀n abẹ́ òkun fi hàn pé ooru ń wọlé síbẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ìbéèrè kẹrin: ǹjẹ́ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn kò?

Ẹ̀rí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣiyèméjì níyì lọ́tọ̀. Richard Muller, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, kò fọkàn tán àkọsílẹ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ó kó àwọn ènìyàn jọ láti ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n láti ibùdó tí ó ju 30,000 lọ. Apá kan nínú owó iṣẹ́ náà wá láti ọwọ́ àjọ Charles Koch, ọlọ́rọ̀ tí iṣẹ́ epo wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní 2012 Muller kéde ní gbangba pé ilẹ̀ ayé ti fi nǹkan bí dígírì kan àti ààbọ̀ gbóná láàárín ọdún 250, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì wá láti ojú ọ̀run. Láti ìparí 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn afẹ́fẹ́ láti òkè. John Christy àti Roy Spencer ní Huntsville, ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò gbóná tó bí tẹmómítà ti wí. Àwọn onímọ̀ mìíràn wá rí i, ní 1998 àti ní 2005, pé sátẹ́láìtì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọjá lórí ibì kan ní wákàtí tí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, àti pé ìṣirò tí ó yẹ kí ó tún èyí ṣe ní àṣìṣe. Christy àti Spencer gbà, wọ́n sì tún un ṣe. Lónìí àkọsílẹ̀ tiwọn pàápàá ń gòkè ní nǹkan bí 0.15 dígírì fún ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá.

Christy ti ṣe olùkọ́ míṣọ́nnárì ní Kẹ́ńyà rí. Sir John Houghton, tí ó ṣe olórí Met Office tí ó sì wà lára àwọn aṣáájú IPCC títí di 2002, jẹ́ Onígbàgbọ́ tí kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Wọn kò fẹnu kò lórí bí ewu náà ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n pé ayé ń gbóná, òǹkà mú àwọn méjèèjì gbà á. Ìjà ìgbàgbọ́ pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdájọ́

Lẹ́yìn 2013, ọdún ti dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. 2014, 2015 àti 2016 gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn. 2023 borí wọn, 2024 sì borí 2023: àjọ ojú-ọjọ́ àgbáyé, WMO, ní ó fi nǹkan bí 1.55 dígírì ju ìwọ̀n 1850 sí 1900 lọ. Nígbà tí 2024 parí, ọdún mẹ́wàá láti 2015 dé 2024 ni mẹ́wàá tí ó gbóná jù lọ nínú àkọsílẹ̀ títí di ìgbà náà. El Niño ran 2024 lọ́wọ́, bí ó ti ran 1998 lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo 2022, nígbà tí òkun Pàsífíìkì tutù ju ìṣe rẹ̀ lọ: ó gbóná ju 1998 lọ. Oṣù òfìfo òde òní ti pa owó ju Kérésìmesì àtijọ́ lọ.

Òótọ́ ni pé ní 2016 àwọn onímọ̀ pàtàkì kan, John Fyfe àti Michael Mann lára wọn, ṣì kọ̀wé pé ìgbóná ojú ilẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, tí òkun Pàsífíìkì sì wà lára ohun tí ó fà á. Iye ìfàsẹ́yìn náà ni wọ́n ń jiyàn lé. Pé ìgbóná náà ti dáwọ́ dúró, kò sí èyí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá kò jìnnà. Omi tí ó gbóná ń fẹ̀, yìnyín orí ilẹ̀ sì ń yọ́ sínú òkun; ìpele òkun ti fi nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà gòkè láàárín 1901 àti 2018. Èkó àti gbogbo ìlú etí òkun wa wà lẹ́bàá omi náà. Lára àwọn tí ó jáde ní ilé-ìwé yìí ni àwọn ayàwòrán ilé, àwọn tí ń la ojú àgbàrá, àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ṣà yọ ṣe ìpinnu, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òǹkà tí ó jẹ́ irọ́ àti òǹkà tòótọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ?
2. Kí ni ìdí tí ẹ̀rí Richard Muller fi lágbára ju ti ẹni tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ lọ?
3. Kí ọmọ kọ iye owó tí ẹ ná nínú ilé sílẹ̀ fún oṣù méjìlá. Oṣù wo ni ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé ìnáwó ń dín kù? Oṣù wo ni yóò fi hàn pé ó ń pọ̀ sí i?
4. Nínú ìròyìn kan tí ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, èwo nínú ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí ni ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè?