Ẹ̀kọ́ Èdè: Fọ Ojú, Fọ́ Ojú, Yọ Ojú

“Màmá, ọjọ́ Ajé la ó lọ yọ ojú yín l’Óṣogbo.” Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan sọ fún ìyá rẹ̀ nílùú Ará nìyí. Màmá fàáké kọ́rí. Ojú lọba ara. Ta ni yóò gbà kí wọ́n yọ ojú òun? Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ni pé dókítà fẹ́ yọ ohun tó funfun nínú ojú náà, kó sì fi awò kékeré rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ọ̀pọ̀ máa ń ní “awọ ti bo ojú.” Kò sí awọ kankan tó hù sójú. Awò ni, kì í ṣe awọ: awò tí Ọlọ́run dá sẹ́yìn ọmọlójú ló funfun. “Ẹyinjú” tí àwọn baba wa ń wí ràn wá lọ́wọ́ níbí. Omi ẹyin tútù a máa mọ́ gaara. Bó bá jinná, á funfun, kò sì ní padà di tútù mọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí à ń kán sójú kò fi lè wò ó. Ẹ sọ pé “awò inú ojú ti funfun.”

Ẹ má tètè pe ẹni tí awò ojú rẹ̀ funfun ní afọ́jú. Ohun tó fọ́ la kì í retí àtúnṣe sí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100 tí kò ríran, bí 43 ló jẹ́ pé awò tó funfun yìí ló fà á. Ojú wọn kò fọ́. Ó ṣú ni.

“Fọ̀” ohùn ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, á di ohùn àárín: fọ aṣọ, fọ ojú. “Fọ́” kì í yí padà. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní àwọn ń fọ ojú, tí wọ́n ń ti ìlú kan dé òmíràn, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti awò náà sẹ́yìn nínú ojú. Aláìsàn lè ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà rí i pé púpọ̀ nínú irú ojú bẹ́ẹ̀ ló fọ́. Ẹni tó ní òun á fọ ojú lè fọ́ ọ.

“Iṣẹ́ abẹ” ńkọ́? Àwọn kan ń dúró de lésà, wọ́n ní kò sí abẹ nínú tirẹ̀. Nílùú Budapest ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo irú lésà yìí fún awò ojú lọ́dún 2008. Ìtànṣán rẹ̀ ló ń la ẹnu ọ̀nà, tó ń ṣí àpò awò, tó sì ń gé awò náà. Ọwọ́ dókítà ló ṣì ń fà á jáde, tó ń fi tuntun síbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ọwọ́ dókítà ló sábà ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwádìí ńlá méjì, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, tó jáde lọ́dún 2020, rí i pé ìríran àwọn tí wọ́n fi lésà ṣe fún kò dára ju ti àwọn yòókù lọ, owó rẹ̀ sì ga jù. “Iṣẹ́ abẹ” ni méjèèjì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú òkùnkùn nítorí lésà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ. Bí ojú Màmá bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lọ yọ ojú wọn. Ẹ ní kí wọ́n yọjú sí dókítà.