Ẹ Ṣí Fèrèsé Kí Ẹ Tó Ṣí Gúlù

Ọ̀pọ̀ lára ohun tó lè pa èèyàn lára nídìí títo mọ́tò mọ́dẹ́lì ni kì í fara hàn. Ọ̀bẹ ń fara hàn, a sì ń ṣọ́ra fún un. Àmọ́ èéfín gúlù kò láwọ̀, ọ̀dà tó ti bá afẹ́fẹ́ lọ kò ṣeé fojú rí, páálí tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé pinpin kì í sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yìí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe gbára lé ojú àti imú nìkan.

Mọ́tò alágbára tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1964 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń tò: ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ara mọ́tò tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Pontiac GTO ti 1964 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́bí wọn, Ford Mustang jáde ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Camaro, Charger àti Road Runner sì tẹ̀ lé wọn. Bí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Detroit ṣe ń gbé wọn jáde ni àwọn ilé iṣẹ́ mọ́dẹ́lì bí AMT ní Troy, MPC ní Mount Clemens àti Jo-Han ní Detroit fúnra rẹ̀ ń ṣe kíìtì wọn, ìyẹn páálí tí ẹ̀yà mọ́dẹ́lì tí a máa tò wà nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú 25 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Charger 1969 gidi gùn tó ínṣì 208. Lórí tábìlì, ó fi díẹ̀ lé ní ínṣì 8.

Ike polystyrene ló pọ̀ jù nínú kíìtì, gúlù rẹ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ńṣe ló ń yọ́ etí ike méjèèjì títí wọ́n á fi wọnú ara wọn, lẹ́yìn náà kẹ́míkà tó yọ́ wọn á gbẹ kúrò níbẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló ń gbẹ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, toluene ló pọ̀ nínú gúlù náà, àwọn ọmọ kan ní Amẹ́ríkà sì ń dà á sínú àpò, wọ́n ń fà á símú kó lè máa pa wọ́n bí ọtí. Toluene a máa ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn ìjọba kan ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọdé mọ́, nígbà tó sì di 1969, ilé iṣẹ́ Testors tó wà ní Rockford, ìpínlẹ̀ Illinois, bẹ̀rẹ̀ sí í po òróró mọ́sítádì mọ́ tirẹ̀ kí ó lè máa ta ẹni tó bá fà á símú.

Púpọ̀ nínú àwọn gúlù tó wà lórí igbá lónìí, acetone, butyl acetate tàbí butanone ló wà nínú wọn. Wọn kì í ṣe omi mímu náà. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ kìlọ̀, ẹni tó bá sì rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó dé igo náà, kí ó jáde síta. Ẹ má fi imú yín ṣe ẹlẹ́rìí o. Kò ní pẹ́ tí òórùn náà á fi mọ́ imú lára, á wá dà bí ẹni pé ó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń pọ̀ sí i nínú yàrá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé ni kí ẹ bi léèrè. Bí ó bá ní ilé ń rùn, ilé ń rùn nìyẹn.

Ọ̀dà alágolo tí a ń fín ló ba èmi lẹ́rù jù, pàápàá nígbà òtútù. Ìta ti di yìnyín, ọ̀dà kì í sì í jókòó dáadáa nínú òtútù, nítorí náà onímọ́dẹ́lì á gbé ara mọ́tò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fín in níbẹ̀. Abẹ́ ilé yìí gan-an ni ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo gáàsì, iná kékeré kan lè máa jó nísàlẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Propane àti butane ló sábà máa ń ti ọ̀dà jáde nínú agolo, àwọn méjèèjì sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rọ̀ sí, tí wọ́n á máa rìn lábẹ́ tábìlì láìsí ẹni tó rí wọn, títí wọ́n á fi bá iná náà níbi tó wà. Ẹni tí kò bá rí ibòmíràn fín in, kí ó dúró de ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Charger náà kò sá lọ síbì kankan.

Àwọn kan á ní àwọn ń lo ìbòmú. Ìbòmú wo? Èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, àti èyí funfun tí àwọn káfíńtà ń lò fún eruku, kò lè dá èéfín ọ̀dà dúró rárá. Èyí tó ní àsẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sára àsẹ́ náà pé fún èéfín kẹ́míkà ni, òun ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ dì í sínú ọ̀rá pinpin, torí pé bí ẹ bá gbé e kọ́ ara ògiri, ńṣe ni á máa fa ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ títí á fi kún. Ọ̀dà ìdándán kan tún wà tí àwọn tó ń kun mọ́tò gidi ń lò, oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀, tí isocyanate wà nínú rẹ̀. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè dá ikọ́ fée sí ẹni tí kò ní i rí lára, ẹni tó bá sì ti mú kì í lè sún mọ́ ọn mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ní yàrá àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí sí mi jù lọ rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń ra mọ́dẹ́lì àtijọ́ tí ẹlòmíràn ti tò, kí ẹ lè tún un ṣe. Bílíìṣì la fi ń bọ́ kírómù lára bọ́mpà àti wíìlì. Ammonia, tàbí omi ìnudíńgí tí ammonia wà nínú rẹ̀, làwọn kan fi ń bọ́ ọ̀dà acrylic. Bí èèyàn bá da èkejì sínú abọ́ tí ti àkọ́kọ́ kò tíì tán nínú rẹ̀, gáàsì tó ń jó èèyàn ní ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa jáde, kò sì ní fún un láyè àtirò ó. Ẹ má lo abọ́ kan náà. Ẹ má tilẹ̀ lo méjèèjì ní ọjọ́ kan náà. Oògùn ìfọ-ófùnù tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà tó le, kọ́sítíìkì sódà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn aṣọṣẹ nílé mọ̀ dáadáa. Ó ń jẹ awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú yíká ni kí ẹ lò.

Súpà gúlù kò gbọdọ̀ kan òwú. Bí ó bá dà sára aṣọ òwú, á gbóná lójijì débi pé ó lè bó èèyàn, torí náà ẹ má fi òwú nù ún. Ọ̀bẹ tí bíléèdì rẹ̀ ti kú ló ń géni jù, nítorí pé ipá la fi ń tì í. Bí ó bá sì ń já bọ́ láti orí tábìlì, ẹ má gbá a mú, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fà kúrò.

Àwọn ará wa tó ń tọ́mọ ní Houston tàbí Chicago, tí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ ra èyí tí a ń tẹ̀ wọnú ara wọn láìlo gúlù. Ẹ má sì jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó ń rákò wọ yàrá náà, ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kéré tó láti há sí ọ̀fun.

Ó kù sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó páálí kíìtì àtijọ́ jọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wé ọ̀rá mọ́ páálí kò wọ́n, ẹnikẹ́ni ló lè rà á, nítorí náà ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Bí igun páálí bá ti wó, tí ọ̀rá orí rẹ̀ sì mọ́ nigínnigín, ẹ bèèrè. Ilé iṣẹ́ Round 2, tó wà ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana, ń tún kíìtì AMT àti MPC tẹ̀ jáde, ó sì máa ń lo àwòrán àtijọ́ lára páálí wọn. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, wọn kò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tó ń tún un tà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí fún orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ wá bákóòdù pẹ̀lú: 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, páálí tó bá ní in kò lè jẹ́ ti 1969, bó ti wù kí òǹtajà búra tó.

Lọ́jọ́ tí ọjà bá dé ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì ka ohun inú rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí ẹ bá dúró di ọdún tó ń bọ̀, òǹtajà á ní ẹ̀yin lẹ yọ wíìlì kan. Ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí ẹ ṣí i ni táyà. Táyà rọ̀, epo tó mú un rọ̀ sì máa ń jẹ polystyrene. Bí ó bá pẹ́ tó ti fara kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí gíláàsì, á yọ́ ọ, á fi ojú ara rẹ̀ síbẹ̀ bí èdìdì. Ẹ kó táyà sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ń gbé kíìtì bọ̀ wálé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín l'Ékòó, kíìtì fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Ọ̀dà alágolo àti gúlù tó lè gbiná kò gbọdọ̀ wọ bàálù, ì báà ṣe nínú àpò ọwọ́ tàbí àpótí tó ń lọ sábẹ́. Ọ̀dà olómi tí kò lè gbiná ni kí ẹ rà, kí ẹ tẹ ìwé ààbò tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde, kí ẹ fi í tì í nínú àpótí. Ọ̀bẹ náà, àpótí abẹ́ bàálù ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ sì wé ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ó má bàa gé ẹni tó bá ń yẹ ẹrù yín wò.