Ìwọ̀n Etí àti Ìwọ̀n Ojú: Iṣẹ́ Àmúṣe fún Ẹ̀kọ́ Ìṣirò ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ ní Darkuman, ní ìlú Àkrà, lè rí méjì tí owó wọn dọ́gba. Ọ̀kan ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 70 àti òòró 100, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fún púlọ́ọ̀tì kan ní Gánà. Èkejì ní ìbú 50 àti òòró 120. Okùn ẹsẹ̀ bàtà 340 ni yóò yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Síbẹ̀, ojú ilẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,000, ti èkejì sì jẹ́ 6,000. Ẹni tí ó bá fi okùn nìkan wọn ilẹ̀ yóò rò pé ọgbọọgba ni wọ́n. Inú kíláàsì ni ó ti yẹ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ

Èdè olùkọ́ lè dá kún àṣìṣe náà. Bí ó bá béèrè pé, "Èwo ló tóbi jù?", kò tíì sọ ohun tí ọmọ yóò wọ̀n. "Àyíká" pàápàá lè mú kí ọmọ ronú nípa àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ti mọ etí àti ojú kí ó tó dé ilé-ìwé: etí aṣọ ni aránṣọ ń ká kí ó má baà tú, ojú ẹní ni ènìyàn ń sùn lé. Nítorí náà, kí olùkọ́ lo "ìwọ̀n etí" fún ohun tí okùn ń yí ká, kí ó sì lo "ìwọ̀n ojú" fún ohun tí ó wà láàárín okùn.

Àpẹẹrẹ láti Ifẹ̀

Ọ̀nà yìí ní ìpìlẹ̀. Ní 1970, ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Lẹ́yìn náà, Helen Verran, tí ó bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 bí olùkọ́ kan ṣe fi okùn àti páálí kékeré kọ́ àwọn ọmọ láti wọn gíga ara wọn. Okùn àti páálí kan náà tó fún iṣẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ kìíní: etí kan, ojú púpọ̀

Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páálí onígun mẹ́rin 36 tí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, àti okùn sẹ̀ǹtímítà 120 tí a so ní òrùka. Kí wọ́n na okùn ní onígun mẹ́rin oríṣiríṣi, kí wọ́n sì fi páálí kún inú rẹ̀:

1 àti 11: páálí 11
2 àti 10: páálí 20
3 àti 9: páálí 27
4 àti 8: páálí 32
5 àti 7: páálí 35
6 àti 6: páálí 36

Kí olùkọ́ béèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí 4 àti 8 bá di 5 àti 7, páálí 4 ni a yọ ní ìpẹ̀kun, páálí 7 ni a tò sí ẹ̀gbẹ́. Èrè jẹ́ 3. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, tí ó sì tò ó, kò ní gbàgbé.

Iṣẹ́ kejì: ojú kan, etí púpọ̀

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú páálí 12 péré, kí wọ́n sì ka ẹ̀gbẹ́ páálí tí ó wà ní etí. Ìlà kan páálí 12 yóò ní 26. 2 àti 6 yóò ní 16. 3 àti 4 yóò ní 14.

Ìgbéléwọ̀n

Kí àwọn ọmọ padà sí ilẹ̀ méjì ti Darkuman. Kí wọ́n sọ èyí tí wọn yóò rà, kí wọ́n sì fi "etí" àti "ojú" ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn Yorùbá tí ó pé. Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé ṣì nílò okùn àti páálí sí i.